Ọmọ Ogun Ti Dìde

Ọláṣùmbọ̀ ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Láńgbásà, tí ọkọ rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ jìnnà sí. Ọ̀sán gangan ni. Ọláṣùmbọ̀ ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sórí okùn. Ta ló rí bíríkìlà tó darí wálé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé? Ìrọ̀lẹ́ ni Olúdélé máa ń dé, sìmẹ́ńtì á ti gbẹ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, á sì ti máa pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀ láti títì bí ẹni tó ń kiri ọjà. Lọ́jọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Hakeem, tí wọ́n jọ ń rẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, ló dì í lápá mú.

"Ìyá Ṣèyí, ẹ gba ọkọ yín," Hakeem ní. "Wọ́n kàn jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì ni, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi. Bàbá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi! Mo ní, háà, nǹkan ti ṣe."

"Má dá a lóhùn, Ṣùmbọ̀," Olúdélé ní. Ikọ́ gbà á lẹ́nu, ó dúró kó lọ tán. "Òun ló fẹ́ sá níṣẹ́, ó wá fi mí ṣe àwáwí."

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni, nígbà tí àrùn kọ́rọ́nà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí gbogbo èèyàn l'Ájàh ń wúkọ́, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ikọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni ọkọ àti ìyàwó yìí. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti wà l'Ékòó. Ìkátẹ Elégùṣì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, nígbà tí iyanrìn ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Ilé ńláńlá ń sún mọ́ wọn, Olúdélé sì wà lára àwọn tó ń rẹ́ ògiri ilé ńláńlá ọ̀hún, títí ọjọ́ tí onílé fi ní kí wọ́n kó jáde nínú yàrá tí wọ́n ń gbé. Ìgbà gbogbo ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ilé tó lé mi kúrò nílé." Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ṣèyílọ́lá, ti lọ́kọ, ó ń gbé ní Ṣakí.

Ọláṣùmbọ̀ ò kàwé. Ìwé kejì ló ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú tí àwọn àbúrò ń sunkún nílé. Ó lè ka nọ́ńbà orí fọ́ọ̀nù, ó sì lè mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i nínú ìwé. Ohun tó mọ̀ dájú ni aṣọ funfun. Ìjọ aláṣọ funfun kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ lẹ́yìn ọjà Ajah, òun ló sì ń fọ sùtánà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ. Á fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, á wá ju aró búlúù díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn kí funfun náà lè dán. Kò sí àbàwọ́n tí kò mọ ọ̀nà tí yóò fi jáde. Ẹ̀jẹ̀, epo, ìpáàrà, ẹrẹ̀ Ajah tó dúdú bí èédú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti gba àwọ̀ aró náà láti ọdún wọ̀nyí wá, bó fọ̀ ọ́ títí kì í lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó se ọbẹ̀ ilá, ó fi irú sí i dáadáa, torí pé ọbẹ̀ tí kò ní irú, Olúdélé kì í pè é lọ́bẹ̀. Ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọkọ jẹ òkèlè méjì, ó wo ojú ìyàwó.

"Ṣùmbọ̀, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Kí lẹ ṣe, Bàbá Ṣèyí?"

"O ò fi irú sí i."

Ó ní irú wà nínú rẹ̀. Olúdélé gbé àwo sún mọ́ imú, ó fà á símú títí ikọ́ fi gbé e. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹni tí ò gbóòórùn irú mọ́," ó ní, "kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ máa fi í ṣe láyé?" Ó rẹ́rìn-ín. Ọláṣùmbọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni obìnrin tó ń bójú tó ilé náà fún onílé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó fi ìborùn bo imú. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyànkénìyàn. Ó ti bá Ọláṣùmbọ̀ ká aṣọ lórí okùn nígbà òjò láìmọye ìgbà. "Ìyá Ṣèyí, ẹ forí jì mí," ó ní. "Ọmọ mọ́kànlá ló ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kọjá. Ẹ bá mi wá ibi tí bàbá á ti wúkọ́ ọ̀hún." Ọláṣùmbọ̀ ní ó ti yé òun.

Ló bá di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Èrò ti kún ibẹ̀ dé ìta. Orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ni wọ́n jókòó sí títí ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi jáde sí wọn. Nọ́ọ̀sì ni, Ọlákẹ́mi ni wọ́n ń pè é. Ó wọ ìbòmú méjì léra wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú ohun kékeré kan tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn, ó há a mọ́ ìka Olúdélé.

"Ṣùmbọ̀, o ò rí i?" Olúdélé ní. "Wọ́n ti sá mi. Bí òjò bá ṣú, kó o tètè wá ká mi o."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú. Ó wo nọ́ńbà tó jáde lára ohun náà, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó nínú ọgọ́rùn-ún: mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. "Kò burú púpọ̀, sà, kò sì dára tó," ó ní. "Mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe? Inú àyà ni ikọ́ wà." Olúdélé fi ìka kan àyà ara rẹ̀ gbò, gbò, bó ti máa ń kan ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. "Ó ń dún bí ibi tí sìmẹ́ńtì ò ti mú búlọ́ọ̀kù. Ẹ gbọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, sà. Àyà á ṣì máa tan èèyàn jẹ." Nọ́ọ̀sì ti so okùn mọ́ apá rẹ̀, ó ń wá iṣan. "Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí àrùn bá wọlé, àwọn ló ń bá a jà. A fẹ́ wo bí tiyín ṣe ń jà ni, ká lè mọ ẹni tí àrùn náà máa le lára rẹ̀ àti ẹni tó máa fúyẹ́ lára rẹ̀."

"Àwọn ọmọ ogun tèmi ò ní ṣọ̀lẹ. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n."

Ẹnìkan kígbe orúkọ nọ́ọ̀sì láti inú ilé. Ó yára fi òwú di ojú abẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n lọ máa sinmi, kí bàbá dá wà, pé ọ̀la ni èsì á jáde, òun á pe fọ́ọ̀nù ìyá. Ó ti ń sáré lọ kó tó sọ ọ́ tán. Kí bàbá dá wà. Níbo? Ọláṣùmbọ̀ dúró pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi náà, ó ń ronú ibi tí èèyàn ti ń dá wà l'Ájàh.

Ilé ìjọ nìkan ló gbà wọ́n. Wòlíì Ọdúnjọ ló pàdé wọn lẹ́nu géètì. Kápíńtà ni láàárín ọ̀sẹ̀, ọkùnrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ọláṣùmbọ̀ sọ òótọ́ fún un, ó ní ikọ́ yìí lè jẹ́ kọ́rọ́nà, ó sì lè ran èèyàn. Wòlíì ò sún sẹ́yìn.

"Màmá Ṣèyí, ẹ bọ́ bàtà yín kẹ́ ẹ wọlé," ó ní. "Bó bá jẹ́ ikọ́ ló máa pa mí, kó pa mí sínú ọgbà Olúwa."

Ó tẹ́ ẹní àti tìmùtìmù fún Olúdélé nínú yàrá àwọn aláìsàn tó wà lẹ́yìn ìjọ. Ó kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ mẹ́fà, ó gbàdúrà, ó dákẹ́, ara rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó lajú.

"Mo rí àwọn ọmọ ogun ọ̀run," ó ní. "Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n tò yí ẹní bàbá yìí ká. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Mo ní wọ́n jókòó! Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà kí wọ́n dìde."

Ọláṣùmbọ̀ rántí ọ̀rọ̀ àbẹ́ igi. Kò tíì pẹ́ tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ọmọ ogun, kò sì sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún Wòlíì. Ó wo Olúdélé. Olúdélé náà ń wò ó, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbà á nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n gbà á láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún gbà á lọ́sàn-án, àwọn obìnrin ìjọ ń pààrọ̀ ara wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Kí àwọn ọmọ ogun dìde. Ọláṣùmbọ̀ pariwo rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àdúrà ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n wà nígbà tí fọ́ọ̀nù rẹ̀ dún. Fọ́ọ̀nù kékeré olóògùṣọ̀ ni. Ó rí i pé nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì fi pè é dán wò ní ilé ìwòsàn lánàá ni. Ó tẹ ibi tí gbogbo èèyàn á ti máa gbọ́, ó gbé e sókè kí Wòlíì lè gbọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ọlákẹ́mi ni, nọ́ọ̀sì. Rìsọ́ọ̀tì bàbá ti jáde. Mà, àwọn ọmọ ogun tí mo sọ fún yín lánàá, wọ́n ti dìde o. Wọ́n ti dìde gan-an ni..."

Nọ́ọ̀sì ò tíì dákẹ́. Ọláṣùmbọ̀ mọ̀ pé kò tíì dákẹ́, torí ó ṣì ń rí iná ojú fọ́ọ̀nù tó ń tàn, ó ṣì ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nísàlẹ̀ ariwo. Ṣùgbọ́n yàrá náà ti bú. Agogo ti ń dún. "Alelúyà!" Wọ́n jẹ́ ẹ nígbà méje. Obìnrin kan dọ̀bálẹ̀, òmíràn ń fò sókè. Òun náà, òun Ọláṣùmbọ̀, ló pariwo ju gbogbo wọn lọ. Ó fi ọwọ́ tó di fọ́ọ̀nù mú gan-an jó.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, fọ́ọ̀nù ti dákẹ́.

"Ẹ pè é padà," Wòlíì Ọdúnjọ ní. "Ẹ bi í bóyá ìtọ́ni kan wà."

Ó pè é. Kò wọlé. Ó tún un pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní òun ò rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Lẹ́yìn náà fọ́ọ̀nù kú sí i lọ́wọ́, torí kò sí iná láti àná. Ó gbé e sínú àpò. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ni nọ́ọ̀sì tún fẹ́ sọ tó ju èyí tó ti sọ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Olúdélé jókòó fúnra rẹ̀. Ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó jẹ mọ́ínmọ́ín kan àbọ̀, ó bú Wòlíì pé ẹsẹ̀ tábìlì tó kàn sínú yàrá náà ò dọ́gba, pé bí òun bá rẹ́ ògiri bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti lé òun ní sáìtì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé èémí há òun. Kò há a lójú ara rẹ̀. Ó kàn ń mí kíákíá ni, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, tí kò sì mọ̀ pé òun ń gùn ún.

Iná dé díẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n fi iná sí fọ́ọ̀nù. Nígbà tó tan, àmì àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta wà lójú rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ rò pé àwọn oní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àwọn tó máa ń sọ fún èèyàn ní gbogbo ìgbà pé kó wá jẹ mílíọ̀nù. Ó pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo nọ́ńbà orí wọn, bó ti máa ń ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí Ọláṣùmbọ̀ bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń dìde kúrò níbi tó bá jókòó sí. Ó ń fi aṣọ tútù nu ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé èékánná rẹ̀ ti gba àwọ̀ búlúù. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òwúrọ̀ yẹn ló fọ sùtánà Wòlíì lẹ́yìn ìjọ, kí wọ́n má baà ní òun kàn jókòó. Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá Ṣèyí, aró mi ti ràn yín."

Olúdélé gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó. "Ìwọ... ò sọ fún mi pé... o fẹ́ fọ̀ mí."

Ọláṣùmbọ̀ mú ọṣẹ wá. Ó fi ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ èékánná ọkọ rẹ̀, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Aró náà ò lọ. Òun tí kò sí àbàwọ́n tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó wá fi ara rẹ̀ bú, ó ní aró àsìkò yìí ti le jù, pé òun á pààrọ̀ ẹni tí òun ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Olúdélé ò lè sọ gbólóhùn kan parí mọ́. Á sọ ọ̀rọ̀ méjì, á dúró, á wá ẹ̀kẹta tì. Ètè rẹ̀ ti gba àwọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni Ọláṣùmbọ̀ ti mọ̀ pé aró kọ́, torí pé òun ò fi aró kan ètè rẹ̀. Ó kígbe. Wòlíì Ọdúnjọ gbé Olúdélé sẹ́yìn bí ọmọdé, ó sáré gbé e jáde ní ẹsẹ̀ lásán dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà.

Nọ́ọ̀sì Ọlákẹ́mi ló rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. "Mà!" ó ní. "Mà, níbo lẹ wà látọjọ́bọ̀? Mo pè yín títí! Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́!" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti há ohun kékeré yẹn mọ́ ìka Olúdélé. Mọ́kànléláàádọ́rin. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó tún un wò bóyá ó máa yí padà.

Ìgò ọ́síjìn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó sì wà nímú ẹlòmíràn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Dókítà, ọkùnrin tí oorun ti pa, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Gbogbo wọn ló kún. Ibòmíràn ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la. Ibòmíràn ò tilẹ̀ gbé fọ́ọ̀nù. Wọ́n gún Olúdélé lábẹ́rẹ́, wọ́n dá a dojú bolẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè rí àyè mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìgò náà láàárín òun àti ọmọbìnrin yẹn, tòun díẹ̀, tirẹ̀ díẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ó rí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Ẹ̀yìn tó ti gbé sìmẹ́ńtì fún ọdún mọ́kànlélógún, èémí lásán ni kò lè gbé mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀yìn náà dúró.

Wọn ò jẹ́ kó gbé e lọ sí Ṣakí. Àwọn tó wọ aṣọ bí aṣọ òjò ló wá dì í, wọ́n sì sin ín s'Ékòó níbi tí kò mọ̀ rí. Láti Ṣakí ni Ṣèyílọ́lá ti ń wò ó, nínú fídíò tí Hakeem fi fọ́ọ̀nù pè é, bí wọ́n ṣe ń bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀, fídíò náà sì ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Wòlíì Ọdúnjọ dúró lókèèrè, kò gbàdúrà sókè. Láti ọjọ́ náà ni òun àti Ọláṣùmbọ̀ ò ti lè wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó dá ẹnìkejì lẹ́bi. Bí wọ́n bá pàdé, wọn á kí ara wọn, wọn á wolẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì Ọlákẹ́mi tó wá. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ọláṣùmbọ̀ ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, torí kò rí ẹnu àti imú rẹ̀ rí. Ọmọ kékeré ni, ó kéré ju Ṣèyílọ́lá lọ. Ó kúnlẹ̀, ó sì dúró lórí eékún.

"Dìde, ọmọ mi."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Gbogbo ìgbà ló ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fọ́ọ̀nù, mo ń gbọ́ alelúyà. Mo rò pé ilé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni. Mi ò mọ̀ pé èmi lẹ ń jẹ́ ẹ fún, àfìgbà tí mo rí Wòlíì tó gbé bàbá wá."

Ọláṣùmbọ̀ jókòó sórí àpótí ìfọṣọ. "Kí lo sọ lẹ́yìn rẹ̀?" ó bi í. "Lẹ́yìn tó o sọ pé wọ́n ti dìde gan-an."

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Mo ní wọ́n ti dìde kọjá bó ṣe yẹ. Ohun kan wà tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ìjà bá ń le nínú ara. Kò yẹ kó kọjá mẹ́wàá. Ti bàbá jẹ́ ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta. Àwọn tó sì mọ ọ̀tá dájú nínú àwọn ọmọ ogun ọ̀hún, wọ́n ti kéré jù, wọ́n ti ń tán lọ. Àwọn tó kù kàn ń yìnbọn kiri ni. Ẹ̀dọ̀fóró bàbá gan-an ni wọ́n ń wó. Mo ní kẹ́ ẹ gbé bàbá wá kíákíá ká máa ṣọ́ wọn, torí abẹ́rẹ́ wà tí èèyàn lè fi ní kí àwọn ọmọ ogun náà jókòó bí èémí bá bẹ̀rẹ̀ sí í há."

"Kí wọ́n jókòó," Ọláṣùmbọ̀ ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọláṣùmbọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sọ fún ọmọ náà pé láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́bọ̀ ni àwọn fi bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n dìde, àti pé ohùn òun ló ròkè jù. Ó wulẹ̀ bi í pé, "Ṣé ì bá yè, bí a bá gbé e wá lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan yè tí nọ́ńbà tiwọn ga báyìí. Àwọn kan ò yè, bí wọ́n tiẹ̀ tètè dé."

Ì bá sàn bó bá ti purọ́. Bóyá ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ó ní rárá, èyíkéyìí nínú méjèèjì ni Ọláṣùmbọ̀ ì bá lè gbé. Èyí tó wà láàárín ni kò mọ bí wọ́n ti ń gbé e.

"Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ọmọ ogun yẹn wá," nọ́ọ̀sì ní, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọn ò fi Yorùbá kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ni. Mo sì ṣì ń sọ ọ́, mà, mo sọ ọ́ fún ẹnìkan lánàá, torí mi ò rí òmíràn. Kí ni kí n máa pè é?"

Ọláṣùmbọ̀ rò ó. Ó kọ́kọ́ rò ó pé iná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún àwọn ará ìjọ òun pé iná ti sọ̀ kalẹ̀ sára aláìsàn, àfi kí wọ́n tún jó. Ó rò ó pé agbára; bákan náà ni. Ó rò ó pé omi, pé ìjì, pé ẹ̀jẹ̀ gan-an. Kò sí ọ̀kan tó mú wá sọ́kàn tí kò ní orin nínú ìwé orin wọn.

"Má pè é ní nǹkan kan," ó ní níkẹyìn. "Bó o bá ti pè wọ́n lórí fọ́ọ̀nù, sọ pé kí wọ́n gbé aláìsàn wá. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ, kó o tó kí wọn gan-an. Bí wọ́n bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, o lè wá máa pè é lórúkọ tó bá wù ọ́."

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, ó ní òun ti gbọ́. Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. Ó ti ń lọ nígbà tí Ọláṣùmbọ̀ tún pè é.

"Ọlákẹ́mi. Bí wọ́n bá wá gbé e dé ọ̀hún, ṣé àyè wà? Ṣé ẹ ti ra òmíràn kún ìgò ọ́síjìn yẹn?"

Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ, sùtánà tó ń gbẹ lọ́wọ́ ń lù ú léjìká.

"Ọ̀kan náà la ṣì ní, mà," ó ní.